Igbó àti ọkàn: ohun tó yẹ kí ẹ ṣe bí àyà ẹni tó mugbó bá ń lù kìkì

Bí ọmọ kan bá ń mugbó ní àdúgbò, orí rẹ̀ ni gbogbo èèyàn máa ń ṣọ́. Ṣé kò tíì máa dá sọ̀rọ̀? Ṣé kò tíì máa rẹ́rìn-ín níbi tí kò sí ẹ̀rín? Bí orí bá ṣì pé, àwọn òbí á mí kanlẹ̀, wọ́n á ní Ọlọ́run ló yọ àwọn. Àyà rẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kì í wò. Bẹ́ẹ̀, kí èéfín igbó tó pẹ́ nínú ẹ̀dọ̀fóró ni ọkàn á ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àṣekúdórógbó.

Mo kọ èyí fún ẹni tó ń mugbó fúnra rẹ̀, fún ìyá tó mọ̀ pé ọmọ òun ń mu ún, àti ní pàtàkì fún àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń jókòó ní jọ́ọ̀ǹtì, torí àwọn gan-an ló sábà máa ń wà níbẹ̀ nígbà tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ìwádìí oògùn olóró tí ìjọba Nàìjíríà àti UNODC, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró, ṣe, èyí tí wọ́n pè ní ti 2018, sọ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 10.6 èèyàn, láti ọmọ ọdún 15 sí 64, ló lo igbó láàárín ọdún kan ṣoṣo. Ní Èkó, nínú ẹni mẹ́ta, ẹnì kan ló lo oògùn olóró kan tàbí òmíràn lọ́dún náà. Ọ̀rọ̀ yìí ti wọlé tọ gbogbo wa.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Ẹ mọ ohun tí igbó ń ṣe fún ọkàn

THC ni orúkọ èròjà tó ń mú kí igbó máa pani bí ọtí. Bí wọ́n bá ti fà á, ó ti gba ẹ̀dọ̀fóró bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ sì ni ìlù ọkàn á fi yára. Ọkàn tó ń lù nígbà 70 ní ìṣẹ́jú kan lè gòkè di 100. Ti ẹlòmíràn á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí méjì tàbí mẹ́ta. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ náà á gòkè nígbà tí ẹni náà bá wà ní ìjókòó tàbí ní ìdùbúlẹ̀, àmọ́ bó bá dìde lójijì, ìfúnpá ọ̀hún lè já wálẹ̀, òòyì á kọ́ ọ, á sì ṣubú. Ìdí nìyẹn tí ọmọkùnrin tó le koko fi lè dìde lórí bẹ́ǹṣì kó sì na gbalaja sílẹ̀.

Èéfín ní tirẹ̀ ń gbé carbon monoxide wọnú ẹ̀jẹ̀, afẹ́fẹ́ olóró kan náà tó ń jáde lẹ́nu jẹnẹrétọ̀, tó sì ń pa àwọn tó gbé jẹnẹrétọ̀ sínú yàrá sùn. Ó máa ń gba ibi tó yẹ kí ọ́síjìn wà. Ẹni tó ń mugbó sì máa ń fà á jinlẹ̀ ju sìgá lọ, á pa èéfín náà mọ́ inú kó tó tú u síta, nítorí náà èyí tó ń gbà sára pọ̀. Ẹ wá rò ó pọ̀: ọkàn ń sáré, ó ń bèèrè ọ́síjìn sí i, èyí tó sì ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ń dín kù. Bí ọ̀rá bá ti dí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ bọ́ ọkàn díẹ̀ tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ni háàtì àtáàkì ti lè bẹ̀rẹ̀.

Ní 2001, àwọn oníwádìí ní Amẹ́ríkà gbé àbájáde iṣẹ́ wọn jáde lórí èèyàn 3,882 tó ti ní háàtì àtáàkì. Wọ́n rí i pé ní wákàtí kìn-ín-ní lẹ́yìn tí èèyàn bá mugbó, ewu háàtì àtáàkì máa ń tó ìlọ́po 4.8 ti ìgbà tí kò mu ún. Lẹ́yìn wákàtí yẹn, ewu náà á já wálẹ̀ kíákíá. Ní 2024, ìwádìí mìíràn níbẹ̀, lórí àwọn àgbàlagbà tó lé ní 430,000, fi hàn pé ní ti àwọn tó ń lò ó lójoojúmọ́, ìṣeéṣe háàtì àtáàkì fi ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ẹni tí kì í lò ó lọ, ti rọpárọsẹ̀ sì fi ìdá 42 ju tiwọn lọ. Ewu náà kò yọ àwọn tí kò fẹnu kan sìgá rí sílẹ̀. Irú ìwádìí báyìí kò lè búra pé igbó nìkan ló fà á, àmọ́ ohun tó sọ bá ohun tí a mọ̀ pé THC ń ṣe nínú ara mu.

N kò ní parọ́ fún yín láti fi dẹ́rù bà yín. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó mugbó lálẹ́ òní ló máa sùn tó sì máa jí. Àmọ́ ẹni tí kò ní jí wà láàárín wọn, kò sì sí ẹni tó lè fi ojú lásán mọ̀ ọ́n.

Ẹ óò gbọ́ ẹni tó máa sọ pé bàbá òun mugbó títí dọjọ́ ogbó, tí nǹkan kan ò ṣe é. Ó ṣeé ṣe. Igbó tí bàbá yẹn mu kọ́ ni wọ́n ń tà báyìí. Nínú igbó tí ìjọba Amẹ́ríkà gbà lọ́wọ́ àwọn èèyàn ní 1995, THC kò ju bí ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Nígbà tó fi máa di 2014, ó ti tó ìdá 12. Àwọn tó ń tà á fúnra wọn ló ń polówó bó ṣe le tó.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ mọ ẹni tí kò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án rárá

Ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ ti ń wà ní 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ. Ẹni tí dókítà ti sọ fún rí pé ìlù ọkàn rẹ̀ kò gún, tàbí tí rọpárọsẹ̀ ti ṣe díẹ̀. Aboyún. Ẹ tún bi ara yín léèrè bóyá ẹnì kan wà nínú ẹbí tó ṣubú lulẹ̀ tó sì kú kó tó pé àádọ́ta ọdún. A sábà máa ń sọ pé ayé ló ṣe é, tàbí pé wọ́n ta á lọ́fà, ẹjọ́ á sì parí síbẹ̀. Bó ti wù kí ẹ rò ó sí, ẹ sọ ọ́ fún dókítà, torí àìsàn ọkàn kan wà tó ń ti ara òbí bọ́ sára ọmọ.

Àwọn àgbàlagbà náà wà lára wọn. Ìyá tàbí bàbá tí oríkèé ń dùn, tí ẹnì kan wá fi tíì ewé igbó tàn pé á jẹ́ kó rí oorun sùn, ọkàn rẹ̀ kò lágbára bíi ti ọmọ ogún ọdún. Bó bá ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, igbó lè jẹ́ kí oògùn náà ṣiṣẹ́ kọjá àlà, kí ẹ̀jẹ̀ máa dà níbi tí kò yẹ.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lò ó náà ṣe pàtàkì. Èyí tí wọ́n ń pè ní Colorado kì í ṣe igbó rárá. Kẹ́míkà ni wọ́n fọ́n sára ewé gbígbẹ, ó sì ń lu ọkàn ju THC gan-an lọ fíìfíì. Ó lè mú gìrì wá, ó lè ba kíndìnrín jẹ́. Èyí tí wọ́n sè mọ́ kéèkì tàbí bisikíìtì ń tanni: ó lè tó ààbọ̀ wákàtí, ó sì lè tó wákàtí méjì kí ara tó mọ̀ ọ́n, ẹni tó jẹ ẹ́ á rò pé kò ṣiṣẹ́, á tún bu òmíràn jẹ, méjèèjì á wá jọ dé lẹ́ẹ̀kan náà. Monkey tail, tí wọ́n fi ògógóró rẹ igbó, ń kó ẹrù ọtí àti ẹrù igbó lé ọkàn kan ṣoṣo. Ẹni tó fi tramadol kún un ti tún fi ara rẹ̀ sínú ewu gìrì. Èyí tó máa ń dùn mí jù ni ti àwọn ọkùnrin tó ń da igbó pọ̀ mọ́ oògùn mánpáwà. Wọn kì í fẹ́ sọ ọ́ jáde. Bí àyà bá dùn wọ́n, tí wọ́n dé ilé ìwòsàn, tí nọ́ọ̀sì sì fi oògùn tó ń la iṣan ọkàn sábẹ́ ahọ́n wọn láìmọ̀ pé wọ́n ti gbé mánpáwà mì, ìfúnpá wọn lè já wálẹ̀ débi ikú.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ kọ́ bí a ṣe ń ka ìlù ọkàn

Ẹ kọ́ ọ lónìí, nígbà tí ara gbogbo yín ṣì le. Ẹ mú ọwọ́ ẹnì kan, ẹ yí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sókè. Ẹ wá ìdí àtàǹpàkò rẹ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ dé ọrùn ọwọ́, sí kòtò kékeré tó wà láàárín egungun ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ àti iṣan tó le bí okùn. Ẹ fi ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín yín lé ibẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹ má fi àtàǹpàkò tiyín ka á, torí òun náà ní ìlù tirẹ̀, ẹ ó kàn máa ka ti ara yín. Bí ẹ kò bá gbọ́ nǹkan kan, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ jù. Ẹ sún ìka sọ́tùn-ún tàbí sósì díẹ̀. Nígbà tí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ wo aago fóònù, ẹ ka á fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, kí ẹ sì sọ iye tí ẹ rí di ìlọ́po méjì.

Fún àgbàlagbà tó jókòó jẹ́jẹ́, láti 60 dé 100 ló dára. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mugbó máa ń kọjá 100, ìyẹn kò ṣàjèjì. Àmọ́ bó bá ti jókòó fún ààbọ̀ wákàtí tí ó ṣì ju 120 lọ, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Bó bá ń lù ségesège, tó lù méjì tó fo ọ̀kan, tó tún sáré lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lọ. Bó bá yára débi pé ẹ kò lè ka á mọ́, ẹ má dúró ka á lẹ́ẹ̀kejì.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ dá àmì ewu mọ̀

Igbó lè kó jìnnìjìnnì bá èèyàn. Á máa pariwo pé òun ń kú lọ, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, á máa mí gúlegúle. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀rù lásán ni, á sì rọlẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé háàtì àtáàkì náà lè dà bẹ́ẹ̀, ẹ kò sì ní ẹ̀rọ tí ẹ lè fi mọ ìyàtọ̀ nínú ilé. Ẹ má sọ fún ọmọ tó ní àyà ń dun òun pé igbó ló pa á, pé kó lọ sùn.

Ohun tí ẹ óò máa wò ni èyí: ìnira ní àárín àyà bíi pé nǹkan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tàbí fún un pọ̀, tó sì ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, ìrora tó gba èjìká lọ sí apá òsì, sí àgbọ̀n tàbí ẹ̀yìn, òógùn tútù tó ń bò ó nígbà tí ooru kò mú, èébì, àìlèmí dáadáa, dídákú, kódà kó jẹ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá péré. Ti rọpárọsẹ̀ ni kí ẹnu wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí apá kan má lè gbé sókè, kí ọ̀rọ̀ máa lọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ ní kó rẹ́rìn-ín, kó gbé apá méjèèjì sókè, kó sì dárúkọ ara rẹ̀. Bí ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí kò bá ṣeé ṣe, ẹ wo aago kí ẹ sì fi ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sọ́kàn, torí dókítà máa bèèrè rẹ̀.

Àwọn àmì kan wà tí kì í dé lójijì. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dùn ún, tó ń tutù, tó ń dúdú, tí egbò ibẹ̀ kò sì jinná, wọ́n á ní ó tẹ oògùn. Ní ti ẹni tó ti ń mugbó àti sìgá láti ọjọ́ pípẹ́, ó lè jẹ́ pé iṣan ẹ̀jẹ̀ tó lọ sí ẹsẹ̀ náà ló ń dí. Bí kò bá fi èéfín sílẹ̀, wọ́n lè gé ẹsẹ̀ yẹn. Òmíràn ni ẹni tó ń bì léraléra, tí ara kì í tù ú àfi tó bá wẹ omi gbígbóná. Èébì bẹ́ẹ̀ ń kó iyọ̀ pọtásíọ́mù jáde lára, bí pọtásíọ́mù bá sì lọ sílẹ̀ jù, ìlù ọkàn á dàrú. Ó nílò dókítà, kì í ṣe oògùn ibà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ohun tí ẹ óò ṣe lójú ẹsẹ̀

Ẹ gba èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kó fẹ̀yìn ti ògiri, kó ká orúnkún sókè; ẹ tú bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ lé èrò sẹ́yìn. Má jẹ̀ẹ́ kó rìn, má jẹ̀ẹ́ kó gun àtẹ̀gùn. Kí ẹnì kan ṣoṣo máa bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ẹlòmíràn sì pe ọkọ̀ ìtọ́jú pàjáwìrì: 112 tàbí 767 ní Èkó, 999 ní Britain, 911 ní Amẹ́ríkà.

Bó bá jẹ́ ìrora àyà ló ń ṣe é, tí ojú rẹ̀ là, tó sì lè gbé nǹkan mì, ẹ fún un ní aspirin 300 mg, tàbí mẹ́rin nínú oníwọ̀n 75 mg, kó rún un lẹ́nu. Ẹ má fún un bí aspirin bá ti dà á láàmú rí, bó bá ní ọgbẹ́ inú tó ń ṣẹ̀jẹ̀, tàbí bí ẹ bá rí àmì rọpárọsẹ̀ kankan.

Mo mọ ohun tí wọ́n máa ń ṣe ní àdúgbò. Wọ́n á da omi tútù lé e lórí, wọ́n á ro mílíìkì sí i lẹ́nu, wọ́n á wá epo pupa, wọ́n á wá ṣúgà, ẹnì kan á ti máa sáré wá ìtọ̀ màálù. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń mú THC kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ohun tí ẹ bá dà sẹ́nu ẹni tí iyè rẹ̀ kò sí níbẹ̀ lè gba ọ̀nà ọ̀fun wọ ẹ̀dọ̀fóró, òun ló sì lè pa á. Bí gìrì bá mú un, ẹ kó nǹkan líle kúrò nítòsí, ẹ fi aṣọ rọ ọ́ lórí. Ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Nígbà tó bá rọlẹ̀, ẹ yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí itọ́ àti èébì lè jáde.

Bó bá dákú, tí ẹ pè é tí kò dáhùn, tí àyà rẹ̀ kò sì gbé sókè kó lọ sílẹ̀ bó ṣe yẹ, ẹ tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ líle. Ẹ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ kan sí àárín àyà, ẹ gbé ìkejì lé e, ẹ na apá yín gbọọrọ, kí ẹ sì máa tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6, ní ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ jẹ́ kí àyà náà gbé sókè pátápátá kí ẹ tó tún tẹ̀ ẹ́. Bó bá rẹ ẹnì kan, kí ẹlòmíràn gbà á láìdáwọ́ dúró, títí àwọn oníṣègùn á fi dé.

Bí ọkọ̀ pàjáwìrì kò bá tètè dé, ẹ wá mọ́tò. Ọ̀kadà kò dára fún un. Ilé ìwòsàn ìjọba tàbí èyí tó ní ECG, ẹ̀rọ tó ń ya bí ọkàn ṣe ń lù, ni kí ẹ kọjú sí, kì í ṣe ilé àdúrà. Ẹ lè gbàdúrà nínú mọ́tò.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ sọ òótọ́ fún dókítà

Ìtìjú ń pa èèyàn níbí yìí ju igbó lọ. Màmá á dúró ti ọmọ, á ní ọmọ òun kì í mu nǹkan kan. Ọmọ náà á mi orí. Dókítà tó rí ọmọ ọdún 24 lè má ronú kan ọkàn rárá bí kò bá gbọ́ ọ̀rọ̀ igbó. Ẹ sọ ohun tó mu, bó ṣe lò ó, ìgbà tó lò ó, àti ohun tó fi kún un. Bí ìyá bá wà níbẹ̀ tí ọmọ ń tijú, kí ìyá bọ́ síta díẹ̀. Dókítà kì í ṣe ọlọ́pàá. Ìtọ́jú ló ń wá.

Ẹ béèrè fún ECG, ìwé tí ẹ̀rọ fi ń ya bí ọkàn ṣe ń lù. Wọ́n máa ń lẹ wáyà mọ́ àyà, ọwọ́ àti ẹsẹ̀, kò dunni, kì í sì í pẹ́. Wọ́n tún lè gba ẹ̀jẹ̀ láti yẹ troponin wò, ohun tó ń jò sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ẹran ọkàn bá farapa. Bí troponin àkọ́kọ́ bá dára, wọ́n lè tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, torí kì í tètè fara hàn. Ẹ má bínú gbé ọmọ lọ sílé kí èyí tó parí.

Bákan náà ni fún ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ. Kó sọ fún ẹni tó máa fún un ní oògùn oorun pé òun ń mugbó. Ìlànà tí àwọn dókítà tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2023 ni pé kí wọ́n sún iṣẹ́ abẹ tí kì í ṣe pàjáwìrì síwájú fún ó kéré tán wákàtí méjì lẹ́yìn tí ẹni náà bá fa igbó, nítorí ọkàn.

Ìgbésẹ̀ keje: Lẹ́yìn tí ewu bá ti kọjá

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti kìlọ̀ fún lẹ́ẹ̀kan kò gbọ́dọ̀ padà sí i, ì báà ṣe kékeré, ì báà ṣe èyí tí wọ́n sè mọ́ oúnjẹ. Mo ń sọ èyí fún àwọn ará wa ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú, níbi tí wọ́n ti ń tà á ní ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀: òfin ló gbà á láyè, ọkàn kò gbà á.

Ẹ múra sílẹ̀ de ọjọ́ tó máa fi í sílẹ̀. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì, á bẹ̀rẹ̀ sí í kanra, oorun á dá lójú rẹ̀, oúnjẹ kò ní wù ú, á máa làágùn, á máa lá àlá tó ń dẹ́rù bani. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló máa ń le jù, nígbà tó bá sì fi máa tó bí ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀pọ̀ rẹ̀ á ti rọlẹ̀. Kì í ṣe pé ó ya aláìgbọràn lọ́sẹ̀ yẹn. Ara ló ń béèrè ohun tó ti mọ́ ọn lára. Ẹ se oúnjẹ tó fẹ́ràn fún un, ẹ jẹ́ kó ní ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ ní àsìkò tó máa ń lọ sí jọ́ọ̀ǹtì. Ẹ má dè é mọ́lẹ̀, ẹ má gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń na èèyàn.

Bí apá ilé kò bá ká a, NDLEA ní nọ́ńbà ìgbaninímọ̀ràn tí kò gba owó: 0800 1020 3040. Ilé ìwòsàn Aro ní Abẹ́òkúta àti ti Yábàá ní Èkó ń tọ́jú àwọn tó fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ oògùn olóró. Ẹ kò ní láti dúró dìgbà tí orí bá dàrú kí ẹ tó lọ.

Ẹ jẹ́ kó máa yẹ ìfúnpá rẹ̀ wò ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó sún mọ́ yín, kó sì máa kọ nọ́ńbà àti ọjọ́ sílẹ̀. Ìwé ECG tí wọ́n yà fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ gba ẹ̀dà rẹ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù ẹni méjì nínú ilé. Dókítà tó bá rí i lẹ́yìn náà, níbikíbi tó bá wà, máa fẹ́ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun kó lè mọ èyí tó jẹ́ ti tẹ́lẹ̀ àti èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà.